Irọ́ Orí Káàdì Ìkẹyìn

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Àmín ni.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń wọṣọ fún wọn, tí mo ń yí àwọn tí kò lè dá yíra padà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyá kan ń ráhùn orúnkún. Mo fọwọ́ pa orúnkún náà, mo ní, "Ọlọ́run yóò wò yín sàn, Màmá." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "O ṣeun." Mo dúró. Mo ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Àdúà mi kàn wà láàárín yàrá bí àlejò tí wọn kò fún níjòókòó.

Nílé wa ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí ènìyàn bá ṣàdúà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe Àmín, ìjà ti dé nìyẹn. Bàbá mi, tí í ṣe ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa, máa ń sọ pé Àmín ni ọmọrí àdúà. "Ẹ má fi ìkòkò sílẹ̀ láìdé," ni wọ́n máa ń wí fún èmi àti Sùlé, àbúrò mi, bí a bá ń tòògbé nídìí àdúà òwúrọ̀. Nítorí náà a mọ̀ ọ́n ṣe kí a tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí o bá jí wa lójú oorun tí o ṣàdúà, a ó ṣe Àmín kí ojú wa tó là.

Mo dúpẹ́ púpọ̀ o. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí kó rò pé aláìmoore ni mí. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ fún mi ní igun kan nínú yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, pé kí n máa kírun níbẹ̀. Láàárín àwọn aṣọ funfun tó gbóná láti inú ẹ̀rọ ni mo ti ń forí balẹ̀, òórùn ọṣẹ sì kún imú mi. Ọlọ́run kò fi ebi pa mí, kò fi mí sílẹ̀ láìníbùsùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ mi tó ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n láti kékeré kò mọ ohun tí yóò fi ilẹ̀ títẹ́ ṣe. Mo lè rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́ kí n má mí hẹlẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì kí mi. Bí mo bá délé, mo máa ń kí ara mi káàbọ̀ sókè ketekete, kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn.

Jímọ̀ ló ń gbé mi ró. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bàbá mi yóò pè. Ìpè wọn kò gùn. Ohùn wọn tó ń jí gbogbo àdúgbò, lórí fóònù, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí ló máa ń rí.

"Yèyé, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá."

"O ti kírun?"

"Mo ti kí i."

"Ó dáa. Ulé wà."

Wọ́n á sì gé e. Yèyé ni wọ́n ń pè mí nítorí pé mo jọ ìyá wọn. Ulé ni àwa ń pe ilé ní ìlú wa. "Ulé wà" ni gbólóhùn tí wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé nǹkan kan kò ṣe ilé, àti pé bí ìlú ẹlòmíràn bá sú mi, ibi tí mo fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbólóhùn méjì-mẹ́ta yẹn ni mo ń jẹ láti Jímọ̀ dé Jímọ̀.

Bàbá Dérékì, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú, ló kọ́ mi ní póòkà, eré káàdì kan. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n pe àwọn ní Dérékì lásán, ẹnu mi kò gbà á. Ọ̀rẹ́ wọn tó wà ní yàrá òdìkejì, tí wọ́n jọ ń ta káàdì, ti kú, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè bá ta á mọ́. Ìyàwó wọn tó jẹ́ aránṣọ fi agolo bísíkíìtì kan sílẹ̀ tó kún fún bọ́tìnì. Bọ́tìnì wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń ta á dípò owó.

Mo kọ́kọ́ sá. Ọmọ ilé kéwú ni mí, mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa tẹ́tẹ́. Mo lọ bá álúfà tó ń darí ìrun ní mọ́sálásí wa níbẹ̀, mo ṣàlàyé.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń mú bọ́tìnì náà lọ sílé?" álúfà bi mí.

"Rárá. Inú agolo ló ń padà sí."

"Arúgbó ni ọkùnrin náà? Kò sì ní ẹnìkan?"

"Ọmọ rẹ̀ máa ń sọ pé òun ń bọ̀."

Álúfà mí kanlẹ̀. "Bá a ṣeré, má jẹ́ kí ó gba ìrun lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Ohun tí ọwọ́ bá ń fi ṣeré, ọkàn lè máa kọ́ ọ."

Eré náà kò le. Wọn yóò fún ọ ní káàdì méjì tí ìwọ nìkan ń wò. Wọn yóò wá máa ṣí káàdì márùn-ún sórí tábìlì fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà èyí tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti ṣí wọn, o lè ti bọ́tìnì síwájú pé ọwọ́ rẹ dára. Ẹnìkejì rẹ lè ti iye kan náà síwájú kó ní kí ẹ ṣí ọwọ́ yín, tàbí kí ẹ̀rù bà á, kó da káàdì tirẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dà á sílẹ̀, o ti jẹ, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ṣófo.

Èmi a máa dà á sílẹ̀ ṣáá.

"Ó tún ti sá!" Bàbá Dérékì pàtẹ́wọ́. "Kí lo mú dání? Fi hàn mí."

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ṣí tiwọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tèmi ló dára jù.

"Ẹ purọ́ fún mi, Bàbá!"

"Èmi? Ṣé mo la ẹnu ni? Bọ́tìnì ló sọ̀rọ̀."

Ìhàlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ mi bí a ti ń halẹ̀, àti bí a ti ń dá a mọ̀. Wọ́n ní kí káàdì ìkẹyìn tó ṣí, ìrètí ṣì wà fún gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ tí kò dára lè dára. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí, ọwọ́ tó burú ti burú nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nígbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un, kí ó mú kí ẹnìkejì rẹ̀ dà á sílẹ̀ láìwò.

"Má wulẹ̀ halẹ̀ níkẹyìn bí o kò bá tíì pa ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìtàn tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìkẹyìn, ọmọdé á mọ̀ pé irọ́ ni. Èkejì, iye tí ìwọ ìbá tì síwájú ká ní o ní i lóòótọ́, òun ni kí o tì síwájú. Ẹni tó ní i kì í ti gbogbo agolo síwájú. Ẹni tó ń bẹ̀rù ló ń tì í."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré là ń ṣe.

Nígbà tí òjò ń rọ̀ nílé ni ìpè Jímọ̀ dáwọ́ dúró. Sùlé ló pè mí dípò bàbá. Sùlé yìí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Orí ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ bí a ti ń ké "Àmín".

"Bàbá wà lóko, Àǹtí mi, lọ́nà Èrìò. Ẹ mọ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ́kì níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kí yín."

Oko kòkó bàbá mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí nẹ́tíwọ́kì lóòótọ́. Mo gbà.

Nígbà tó ṣe, ó ní ojú ń dun bàbá, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ Bàbá Kékeré ní Ìjerò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú náà. Bàbá Kékeré ni àbúrò bàbá mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí wọn lórí fídíò.

"Dókítà ní ìmọ́lẹ̀ fóònù kò dára fún ojú náà."

Bàbá ti ń ráhùn ojú tipẹ́. Mo tún gbà. Láti ìgbà náà, kò sí ìrun tí mo kí láàárín àwọn aṣọ ibùsùn yẹn tí n kò tọrọ ojú tó mọ́ fún wọn. Mo máa ń bi ìyá mi: "Ìyá mi, ojú Bàbá ńkọ́?" Ìyá mi a ní, "Ọlọ́run ń ṣe é." Wọ́n á sì yára béèrè bóyá mo wọ aṣọ òtútù. Ẹni tó wà lókèèrè, ohun tí wọ́n bá bù fún un ló ń jẹ. Kò lè lọ ṣí ìkòkò wò.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo ń gba ìsinmi bọ̀ wálé wá wo ojú náà, fóònù dún ní Jímọ̀ kan. Ohùn bàbá mi ni.

"Yèyé, o ti jẹun?"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní mo ti jẹun, mo ti kírun, ojú yín ńkọ́? Ohùn náà ní ojú ti ń sàn, kí n má wàhálà wálé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà. Ó ṣàdúà fún iṣẹ́ mi, fún ọ̀gá mi, fún ọkọ tí n ó fẹ́, fún ọmọ tí n ó bí, fún ọ̀nà mi ní òkun àti ní òfúrufú. Mo ṣe Àmín títí ahọ́n mi fi rọ. "Ulé wà," ó ní. Ó tún ṣàdúà. "Ulé wà, Yèyé. Ulé wà." Nígbà tó gé e, inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà òyìnbó fún gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo jókòó ti Bàbá Dérékì. Káàdì ìkẹyìn ṣí. Wọ́n wò mí, wọ́n wo káàdì, wọ́n sì fi apá gbá gbogbo bọ́tìnì wọn síwájú, tí ọ̀pọ̀ já bọ́ sílẹ̀. Kí n tó rò ó, mo ní, "Ẹ ṣí i."

Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú wọn nìyẹn.

Wọ́n la ẹnu sílẹ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ti pọ̀ jù, Bàbá. Ká ní ẹ ní i lóòótọ́ ni, ẹ kò ní..."

N kò lè parí rẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnì. Bàbá mi kò ṣàdúà gígùn fún mi lórí fóònù rí láyé. Wọ́n kò sì wí "Ulé wà" lẹ́ẹ̀mejì rí.

Mo ṣa bọ́tìnì tó já bọ́ sílẹ̀. Bí mo ti ń ṣà á ni mo ń to ìtàn náà jọ: oko tí kò ní nẹ́tíwọ́kì, ojú tí kò gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀, ohùn tó gùn jù. Wọ́n ti ń pa á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ni mo sì ń da káàdì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá bi Sùlé, yóò tún wá ìtàn mìíràn. Bí mo bá ní mo ti gbọ́, irọ́ ni mo pa, n kò sì fẹ́ fi irọ́ wá bàbá mi. Mo rò ó nígbà tí mo ń wẹ àwọn arúgbó, mo rò ó nígbà tí mo ń ká aṣọ. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé n kò ní sọ nǹkan kan. Àdúà ni n ó ṣe, àdúà tí a ń ṣe fún òkú. Bí bàbá bá wà láàyè, Sùlé yóò lọgun pé, "Ẹnu yín ńkọ́, Àǹtí! Ọlọ́run má jẹ́!" Yóò bú mi. Yóò gbé fóònù fún bàbá kí wọ́n bá mi wí. Ọlọ́run ló mọ bí mo ti ń fẹ́ èébú yẹn tó.

Bàbá Dérékì ti rí ojú mi. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má dá pè é, kí n pè é nínú yàrá àwọn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Sùlé gbé e. Mo gbọ́ ariwo adìẹ, mo mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà.

"Àǹtí mi! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Ìyá wa ńkọ́?"

"Ìyá nìyí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti gbé e sí sípíkà. Ìyá, Àǹtí ni."

Mo mí. N kò yí ohùn padà. N kò sì jẹ́ kó gùn.

"Kí Ọlọ́run forí jin Bàbá. Kó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kó fi Àlùjánnà kẹ́ wọn."

Adìẹ nìkan ló ń ké. Mo ń retí èébú mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi, láti ìdí atẹ ẹ̀wà, ohùn ẹni tí kò ronú rárá, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́:

"Àmín, àmín, Yèyé mi. Ìwọ náà á rí ọmọ tó máa ṣe é fún ọ." Wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ sí Sùlé. "Sùlé, o ti wá sọ fún un? O ṣeun. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dà mí láàmú."

"Ìyá," ni Sùlé wí. "Ìyá. N kò tíì sọ fún un."

Mo gbọ́ tí atẹ dà nù.

"Ta ló jẹ?" Bàbá Dérékì bi mí wúyẹ́wúyẹ́. Wọn kò tíì mọ ohun tí mo gbọ́.

"Èmi ni," mo ní.

Sùlé ń sunkún. "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ta ni ìbá dì yín mú? Kí ẹ ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá, kí a máa pe fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé? Bàbá Kékeré ní ká dúró títí a ó fi rí ará wa kan tí yóò lọ jókòó tì yín. A ń wá ẹni náà, Àǹtí. Mo fi Ọlọ́run búra, a ń wá a."

"Nígbà wo ni wọ́n kú?"

"Nígbà tí mo ní wọ́n wà lóko. Oko náà ni wọ́n ti dé tí àyà ń dùn wọ́n. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ kò lè bá a, Àǹtí. Kò sí bí ẹ ṣe lè bá a."

"Ta ló bá mi sọ̀rọ̀ ní Jímọ̀ yẹn?"

"Bàbá Kékeré ni. Ohùn wọn jọra."

"Ta ló kọ́ wọn ní 'Ulé wà'?"

Ó fọn ikun.

"Èmi ni."

Mo mọ̀ pé àṣà wa ni. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn mi kò ní ṣe wàhálà pípa irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìfẹ́ ọmọ ìyá mi wọ inú àpò bàbá mi, kó mú gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fi ń wà láàyè, kó fi lé ẹlòmíràn lẹ́nu láti fi tàn mí! Ìbá sàn kó mú ohun mìíràn.

Èyí tó dùn mí jù, ẹni tó bá kéwú yóò mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ wa pé bí ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti gé, àyàfi ohun díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọmọ rere tó ń ṣàdúà fún un. Bàbá mi bí ọmọ náà. Wọ́n rán an ní ilé kéwú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò títí wọ́n fi ń sá kòkó, ojú tó mọ́ ni ọmọ náà ń tọrọ fún ẹni tí wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n gba àdúà ọmọ lẹ́nu ọmọ. Mo sọ ọ́ fún álúfà wa. Álúfà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Ọlọ́run mọ ibi tí bàbá mi wà ní gbogbo ìgbà tí mo ń tọrọ, òun nìkan ni a kò lè tàn lórí fóònù. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí gbogbo mọ́sálásí dúró kírun sí bàbá mi lára láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí kò mọ orúkọ Ẹ̀fọ̀n dúró. Nígbà tí wọ́n ṣe Àmín, mo gbọ́ ọ láti iwájú dé ọ̀dọ̀ àwa obìnrin lẹ́yìn. N ó máa dúpẹ́ èyí títí ọjọ́ ayé mi.

Ẹni tó sì dì mí mú lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni arúgbó awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ife mú. Sùlé kò mọ̀.

Mo ti dárí jì wọ́n. Mo sọ ọ́ nítorí Ọlọ́run ní kí a máa dárí jini. Síbẹ̀, bí Sùlé bá ní ìyá wà dáadáa, mo máa ń ní, "Gbé fóònù sí wọn lójú." Ìyá mi a wo inú fóònù bí olè tí wọ́n mú lọ́jà, wọ́n á yí ojú ọ̀tún, wọ́n á yí tòsì, kí n lè rí i pé kò sí nǹkan tí wọ́n fi pamọ́. Ó ń dùn mí láti rí wọn bẹ́ẹ̀. N kò sì lè ṣíwọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Sùlé fi fídíò gbé mi lọ sí ibi sàréè. Ẹ̀yìn ilé ni, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gun òkè, mo ń gbọ́ ìmí rẹ̀. Bó ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, àwòrán náà dì, ó sì gé.

Mo jókòó, mo ń wo fóònù dúdú. Ṣé òkè ni, àbí Sùlé? Ohun tí wọ́n fi mí ṣe nìyẹn. Èmi ọmọ Ẹ̀fọ̀n, n kò gba òkè ìlú mi gbọ́ mọ́.

Mo tún pè. Ó gbé e. Òkè ni. Ó yí fóònù sí ilẹ̀, mo sì rí iyẹ̀pẹ̀ pupa tí ìyá mi fi òkúta kéékèèké yí ká. Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n lóṣòó. Àwọn méjèèjì ń retí pé n ó ṣàdúà gígùn, irú èyí tí a ń ṣe nídìí sàréè.

"Bàbá," mo ní, "mo ti jẹun. Mo ti kírun. Kí Ọlọ́run forí jìn yín."

"Àmín," ni ìyá mi wí.

"Àmín," ni Sùlé wí.

Ìyá mi wò mí. "Ṣé ó tán, Yèyé?"

"Ó tán, Ìyá mi. Ulé wà."

Mo sì gé e.